Fíìmù Èdè Àjèjì ní Sinimá: Ṣé Kíkà Ni Kí N Máa Kà Ni, Àbí Wíwò?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fà mí lọ wo fíìmù àwọn ará Kòríà nílé sinimá. Mi ò gbọ́ èdè wọn rárá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán ni mo ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin. Nígbà tá a fi máa jáde, orí ti ń fọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan tó rí tí èmi ò rí. Ohun tó tún bí mi nínú ni pé òṣèré á sọ̀rọ̀ títí, èyí tí wọ́n á kọ sísàlẹ̀ ò ní ju gbólóhùn kan lọ. Ó wá ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi èdè tá a gbọ́ sọ ọ́? Àbí èmi ni mi ò mọ̀wé kà tó?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwé kíkà kúrò ńlẹ̀, torí mo rí i pé òun gan-an ló ń dùn yín jù. Ẹ mọ̀wé kà tó. Iṣẹ́ kíkọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, tí àwọn míì ń pè ní sọ́bútáítù, ni mo fi ń jẹun, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn sinimá kí n máa wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ka ohun tí mo kọ. Àwọn tí ìwé kíkà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn náà máa ń jáde tí wọ́n á máa fọwọ́ nu ojú, tí wọ́n á sì máa sọ ohun tí ẹ sọ yìí gẹ́lẹ́. Ojú kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ wa kó tó lọ síbi tí ọ̀rọ̀ bá wà. Lọ́dún 1991, Géry d'Ydewalle, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá ní yunifásítì Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣọ́ bí ojú àwọn òǹwòran ṣe ń rìn. Wọ́n fi fíìmù Amẹ́ríkà han àwọn ará Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ò mọ́ lára, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n kọ sísàlẹ̀. Etí wọn ti gbọ́ ọ, wọn ò nílò kíkà kankan, síbẹ̀ wọ́n ń kà á. Nítorí náà, pé ojú yín ń lọ sísàlẹ̀, bójú ṣe rí nìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni pé ó ń lọ síbẹ̀, kì í sì í tètè padà sókè.

Ẹni tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti mọ́ lára máa ń ṣẹ́jú wo ọ̀rọ̀ náà ni, á kó o lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbójú sókè kí òṣèré tó sọ ìdajì ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tí kò tíì mọ́ lára á kà á tán, á dúró tì í, á tún tún un kà torí pé ó ṣì wà níbẹ̀, á wá máa ṣọ́ ìsàlẹ̀ kí èyí tó kàn má bàa sá mọ́ ọn lójú. Ìṣọ́ yẹn ló ń fa orí fífọ́, kíkà ọ̀hún gan-an kò nípá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n fi ojú sí ojú òṣèré, kí wọ́n má ṣe wá ọ̀rọ̀ lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá yọ, ẹ̀bá ojú á rí i, ojú á sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣòro fún bí ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọrùn. Ẹ lè pàdánù gbólóhùn kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tẹ́ ẹ bá ń lé, òun ló máa gba mẹ́rin míì mọ́ yín lọ́wọ́.

Ó wá ku ti rírẹ́ni jẹ. Ẹ̀sùn tá a máa ń gbọ́ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, mi ò sì lè bínú sí i, torí ẹni tó bá gbọ́ tí òṣèré ń sọ̀rọ̀ tí kò dákẹ́, tó sì rí ọ̀rọ̀ márùn-ún nísàlẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fura. Ohun tó fà á ni pé ẹnu yá ju ojú lọ, pàápàá ojú tó tún ní láti wo àwòrán. Ìlà méjì ni ọ̀rọ̀ kan máa ń mọ lójú sinimá, ìlà kan kì í sì í sábà ju nǹkan bíi lẹ́tà 40 lọ, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ìṣirò yẹn o. Òfin àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni ti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà: ìlà méjì tó bá kún, tí wọ́n ka ìlà kan sí bíi lẹ́tà 36 nígbà yẹn, gbọ́dọ̀ lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lójú àwòrán. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, bí lẹ́tà 12 ló bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti sún un sókè, àwọn ìlànà kan gbà dé 17, òmíràn dé 20. Àmọ́ ẹni tó ń wò nílé lè dá fíìmù dúró, ó lè dá a padà sẹ́yìn. Ní sinimá, kò sẹ́ni tó máa bá yín dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bó ṣe ń rí lórí tábìlì mi. Ká ní ìyá kan nínú fíìmù ń bínú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, tó sì fi bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tú u síta pé: "Mo ti sọ fún ẹ lánàá, mo sì tún ń sọ ọ́ lónìí, pé tí o bá tún mú ọkùnrin yẹn wá sílé yìí, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ mọ́." Ìyẹn ti lé ní lẹ́tà 100. Àyè tí mo ní kò ju bíi 72 lọ. Ohun tí mo máa kọ sí ìlà òkè ni "Mo ti kìlọ̀ fún ẹ. Tó o bá tún mú un wá," màá sì kọ "mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ mọ́" sí ìlà ìsàlẹ̀. Àná ti lọ, òní ti lọ, ilé ti lọ, orúkọ tó pe ọkùnrin náà sì ti kúrú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà níwájú yín, ẹ ń rí i. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, mi ò ní láti kọ "ilé". Ìbínú ń bẹ nínú ohùn ìyá náà, ẹ sì ń gbọ́ ohùn ọ̀hún bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ gbọ́ èdè. Ìkìlọ̀ àti ìhalẹ̀ yẹn ni àwòrán ò lè sọ fúnra rẹ̀, àwọn sì ni mo gbọ́dọ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ yín. Ibi tí mo ti gé ìlà náà pàápàá, mo ro ó: mi ò lè fi "mi ò" sí òkè kí n fi "ní ṣílẹ̀kùn" sí ìsàlẹ̀, torí ojú yín á kọsẹ̀ níbẹ̀. Báyìí la ṣe ń ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ inú fíìmù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ lọ ni orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn lemọ́lemọ́, ìkíni, "ṣé o gbọ́", "wò ó", àti gbogbo ohun téèyàn bá sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn nǹkan míì tún wà tí òǹwòran kì í mọ̀ pé wọ́n wà, àyàfi tí ẹni tó ṣe é bá ṣe é ṣákálá. Fíìmù sinimá, àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A máa ń fi ó kéré tán àwòrán méjì sílẹ̀ lófìfo láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ojú lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tuntun ti dé. A kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ jókòó títí àwòrán á fi yí padà sí ibòmíràn. Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, a máa ń gé e sí méjì, kí gbọ̀ngàn má bàa rẹ́rìn-ín kí òṣèré tó sọ èyí tó dùn níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wà ní sinimá rí tí àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnu òṣèré ṣì ń lọ, ẹni tó kọ ọ́ ló ṣe ìkánjú.

Mi ò ní ṣe agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ wa kọjá bó ṣe yẹ, nítorí àwọn ìgbà kan wà tí ìfura yín máa tọ̀nà. Fíìmù tí wọ́n sọ ní èdè kan lè gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kó tó dé èdè kẹta: wọ́n á kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á to àkókò gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fún ògbufọ̀ èdè kẹta ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn kó máa bá a lọ. Èyí tó bá ti yẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ á yẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ yín, ògbufọ̀ kejì ò sì ní mọ̀. Èdè tó ní ọ̀nà tí ọmọdé fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá tú u sí èdè tí kò nírú rẹ̀, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ọmọ náà dójú ti bàbá rẹ̀ láàárín àwùjọ, àfi tẹ́ ẹ bá rí i lójú àwọn tó jókòó níbẹ̀. Orin, òwe àti ẹ̀ka èdè ìgbèríko máa ń fara gbọgbẹ́ jù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, yíyà kúrò lórí ohun tí wọ́n sọ ló dáa jù. Nínú Parasite, fíìmù Bong Joon-ho tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, yunifásítì ńlá kan ní Seoul, olú ìlú Kòríà, ni wọ́n dárúkọ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan. Oxford ni Darcy Paquet, ògbufọ̀ fíìmù náà, kọ sínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀. Àwọn kan sọ pé irọ́ ni. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ni, torí ẹni tó bá ní láti kọ́kọ́ ronú ipò tí yunifásítì náà wà ti pàdánù ẹ̀rín tó wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì ló sì ní. Fíìmù yẹn náà ni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù tó dára jù, ní oṣù kejì ọdún 2020, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì wò ó kárí ayé, kíkà ni wọ́n kà á.

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú fi èdè tá a gbọ́ sọ ọ́. Owó ni ìdáhùn tó kúrú jù. Láti kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ògbufọ̀ kan, kọ̀ǹpútà kan àti ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ti tó. Láti fi ohùn mìíràn rọ́pò ohùn òṣèré, ẹ máa wá olóhùn fún gbogbo ẹni tó bá lanu nínú fíìmù, ẹ máa gba sítúdíò, ẹ máa wá olùdarí, ẹ ó sì gba ohùn orin àti ariwo inú fíìmù náà lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ lè po ó pọ̀ mọ́ ohùn tuntun. Fíìmù tó máa lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ní gbọ̀ngàn díẹ̀ kò lè pa owó yẹn wọlé láé. Bí wọ́n bá ní dandan ni kí wọ́n fi ohùn sí i, wọn ò kàn ní mú un wá rárá ni.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ìtàn wà ńbẹ̀, ó sì wù mí láti sọ ọ́. Nígbà tí fíìmù ò tíì lóhùn, ọ̀rọ̀ kíkọ tó ń dá jáde láàárín àwòrán ni wọ́n ń yí padà sí èdè ibi tí wọ́n bá gbé e lọ, wàhálà ò sí. Nígbà tí ohùn dé ní ìparí àwọn ọdún 1920, ọ̀rọ̀ yí bìrí. Wọ́n tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù kan náà lọ́pọ̀ ìgbà: láti 1930, Paramount, ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, ń lo sítúdíò kan ní Joinville, lẹ́bàá Paris, níbi tí àwọn òṣèré orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti ń tò wọlé tí wọ́n ń ṣe eré kan náà ní èdè wọn. Nígbà tí Universal, ilé iṣẹ́ fíìmù míì, ń ya Dracula tó jáde ní 1931, àwọn òṣèré Gẹ̀ẹ́sì ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ àwọn elédè Sípáníìṣì á wọlé, wọ́n á dúró síbi táwọn ará ọ̀sán dúró sí gan-an. Owó ìyẹn náà kò ṣeé gbé. Ló bá di pé kí oníkálùkù yan ọ̀nà kan. Ìjọba Ítálì ti ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ èdè àjèjì nínú fíìmù ní 1930, Sípéènì pàṣẹ irú rẹ̀ ní 1941 lábẹ́ Franco, apàṣẹwàá wọn. Bí ìjọba bá wà nídìí ohùn, ó rọrùn láti yí ohun tí òṣèré sọ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Jámánì àti Faransé náà bá ohùn lọ. Nẹ́dálándì, Swídìn, Dẹ́nmáàkì, Pọ́túgà àti Gíríìsì di ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn torí pé àwọn tó ń sọ èdè wọn ò pọ̀ tó láti dá owó ohùn padà. Ní Pólándì, tẹlifíṣọ̀n wọn ní tiwọn lọ́tọ̀: ọkùnrin kan ṣoṣo ló máa ń ka ọ̀rọ̀ gbogbo òṣèré lórí ohùn wọn, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, ohùn kan náà, láìfi ìmọ̀lára kankan sí i. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó bá dàgbà sínú rẹ̀ kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé tí ohùn bá dé, gbogbo ohun tí òṣèré sọ lẹ máa gbọ́. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ fún ohùn ní láti ba ètè mu: tí òṣèré bá pa ètè dé, ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ tó ní b tàbí m sí ibẹ̀, kó sì parí nígbà tí ẹnu náà bá dúró. Òun náà ń gé, òun náà ń yí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní gbọ́ ti àkọ́kọ́ láti fi wé e. Lójú tèmi, ìdajì iṣẹ́ òṣèré wà nínú ohùn rẹ̀: bó ṣe ń fa èémí, bí ohùn ṣe ń gbọ̀n, bó ṣe dákẹ́ kó tó dáhùn. Nínú fíìmù tí èèyàn méjì bá jókòó tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀, mi ò ní fi ohùn ẹlòmíràn pààrọ̀ ìyẹn láé. Tó bá jẹ́ fíìmù àwòrán yíyà, ìyẹn kàtúùnù, tàbí ti ìjà àti eré sísá, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, torí nínú fíìmù àwòrán yíyà, kò sẹ́ni tí ohùn rẹ̀ kì í ṣe àfikún. Àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà geerege, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, àti ẹni tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú, ohùn ló tọ́ sí wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú àìlajú wò wọ́n. Tí fíìmù kan bá ní méjèèjì, ẹ ka àkọlé tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé ètò: ní Faransé, VF ni ti ohùn Faransé, VOST ni ti èdè àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ní Jámánì, OmU ni wọ́n ń kọ sí èyí tó ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ èyí tí wọn ò fẹ́ torí pé wọn ò ka àwọn lẹ́tà yẹn.

Ní ti ojú tó rẹ̀ yín, mo fẹ́ béèrè ibi tẹ́ ẹ jókòó sí. Tó bá jẹ́ iwájú ni, mo ti rí ohun tó ṣe yín. Níwájú, láti ojú òṣèré sí ìsàlẹ̀ àwòrán jìn gan-an, orí àti ọrùn yín ló ń rin ìrìn náà, kì í ṣe ẹyin ojú nìkan. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn àárín gbọ̀ngàn, níbi tí gbogbo àwòrán ti lè wọ ojú yín láìmi orí. Tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà bá tẹ́jú, tí ìjókòó kò gun òkè bíi àtẹ̀gùn, ẹ yàn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rìn, torí orí ẹni tó ga níwájú yín máa bo ìsàlẹ̀ àwòrán, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ti awò ojú náà ń kọ́? Tẹ́ ẹ bá ń lo awò tí wọ́n fi ń kàwé tó wà lọ́wọ́, ẹ bọ́ ọ; ohun tó wà lọ́nà jíjìn ni sinimá, awò yẹn á jẹ́ kó ṣú sí i ni. Tí lẹ́tà bá ṣì ń ṣú nígbà tí ẹ jókòó sáàárín, ẹ jẹ́ kí dókítà ojú yẹ̀ yín wò, torí mi ò lè jókòó síbí kí n sọ ohun tó ń ṣe ojú tí mi ò rí.

Nígbà míì sì rèé, ẹ ò jẹ̀bi ohunkóhun, ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò ṣeé kà. Tẹ́lẹ̀, ara fíìmù gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n á fi kẹ́míkà fín in tàbí, láti àwọn ọdún 1980, kí wọ́n fi iná lésà jó o. Lẹ́tà funfun lásán ló ń di, tí òṣèré bá wọ aṣọ funfun tàbí tó dúró sínú yìnyín, ọ̀rọ̀ á pòórá. Ẹ̀dà kan, èdè kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ èdè míì á tún jó ẹ̀dà míì. Lónìí, fáìlì lọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri ló ń kọ ọ́ sórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a sì lè fi ìlà dúdú yí lẹ́tà ká. Ẹ̀dà fíìmù àtijọ́ tí wọ́n bá tún gbé jáde ṣì lè ní wàhálà funfun lórí funfun yẹn. Ní Brussels àti ní Fínlándì, èdè méjì ni wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní sinimá, Faransé àti Dutch níbì kan, Finnish àti Swedish níbì kejì. Ìlà kan péré ló máa ń sábà kan èdè kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ kúrú jù nírú ibẹ̀, ẹ mọ ìdí. Níbi àjọ̀dún fíìmù, tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa fi fíìmù kan hàn, ẹnì kan lè jókòó sẹ́yìn kó máa tẹ bọ́tìnì fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo ti ṣe é rí. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu ní èdè tí etí rẹ ò gbọ́, ìka á gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á sì pẹ́ lẹ́yìn ẹnu.

Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má lọ bá fíìmù tí wọ́n ti ń jiyàn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹ wá èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ó fi àwòrán sọ púpọ̀, kẹ́ ẹ sì dé kí iná tó kú kẹ́ ẹ lè yan ìjókòó. Tí ọ̀rọ̀ bá ń ṣáájú ẹnu tàbí tó ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí ìlà ìsàlẹ̀ bá bọ́ sí òde àwòrán, tàbí tí lẹ́tà bá ṣú fún gbogbo gbọ̀ngàn, ẹ má jókòó fara dà á. Ẹ̀rọ ló ń dá ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ sinimá báyìí, kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀. Ẹ jáde lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ṣì lè dá a dúró kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti di ìdajì fíìmù, ohun tí wọ́n máa lè ṣe fún yín kò ní ju kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà lọ.